Ẹnu Adelé àti Iṣu Tuntun

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Iṣu ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán. Iṣu tuntun, èyí tí màmá sè, tí ó da epo pupa àti iyọ̀ díẹ̀ lé lórí, bí ẹ ṣe máa ń fẹ́ ẹ gan-an. Ikùn mi kún. Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ igi orógbó, mo ti ṣí fìlà lórí, mo sì ní kí n kọ̀wé sí yín kí ẹnìkan tó tún wá dọ̀bálẹ̀ fún mi.

Mi ò mọ bí ìwé ṣe ń dé ibi tí ẹ wà. Ní ìlú yìí, wọn kò gbà kí n sọ pé ẹ kú. Wọ́n ní ẹ wàjà. Bí mo bá ti dárúkọ yín báyìí, ojú gbogbo wọn á lọ sókè, bí ẹni pé ẹ wà láàrin igi àjà tí ẹ ń gbọ́ wa. Ṣé ẹ ń gbọ́? Bí ẹ bá ń gbọ́, ẹ má bínú sí àwọn ohun tí mo sọ nípa fìlà yín lánàá. Ó ń yún mi ni.

Ẹ mọ̀ pé Àǹtí ló yẹ kí ó jẹ Adelé. Òun ni àkọ́bí yín lóbìnrin, òun ló ga, òun ló lè sọ̀rọ̀ níwájú àgbà láìwo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n oyún wà nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ lọ, aboyún kì í sì í jókòó lórí àpèrè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wá fà mí yọ nínú kíláàsì, ní Fọ́ọ̀mù Kẹta, nígbà tí tíṣà ìtàn ń kọ nǹkan sójú pátákó lọ́wọ́. Mo rò pé wọ́n fẹ́ lé mi lọ sílé lọ gba owó ilé ìwé ni. Àṣé ipò yín ni wọ́n fẹ́ fi mí sí. Wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ilé títí wọn yóò fi rí ọba mìíràn.

Agbádá yín ni wọ́n wọ̀ fún mi. Wọ́n gé e nísàlẹ̀, wọ́n ká a lápá, síbẹ̀ bí mo bá ń rìn, aṣọ náà ló ń gbé mi rìn. Òórùn áṣáà yín ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Màmá fẹ́ fọ̀ ọ́, mo gbé e sá wọ yàrá. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló jẹ́ pé nítorí òórùn yẹn nìkan ni mo fi ń jáde sí gbàgede.

Adelé kì í jẹun lójú èrò. Kì í lọ sọ́jà. Kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Èyí tí mo kọ gbẹ̀yìn yẹn ló le jù. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí màmá wọlé, orúnkún mi ti ń lọ sílẹ̀ kí n tó rántí. Ó di èjìká mi mú, òun fúnra rẹ̀ wá kúnlẹ̀, ó ní Kábíyèsí. Màmá mi. Mo wọ ìyẹ̀wù lọ, mo sunkún títí ojú mi fi wú, nígbà tí mo sì jáde wọ́n ní ojú Kábíyèsí pọ́n, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ṣé bí tiyín náà ṣe rí nìyẹn? Gbogbo ìgbà tí ojú yín pọ́n tí a ń sá fún yín, ṣé ẹkún ni?

Mo máa ń ronú nípa àwọn ọbabìnrin tí wọ́n kọ́ wa nípa wọn. Ọbabìnrin Zazzau tó ń jagun káàkiri ilẹ̀ Haúsá, tó ń mọ odi síbikíbi tó bá pàgọ́ sí. Àti èyí tó wà ní ilẹ̀ Àǹgólà, tó lọ bá àwọn òyìnbó Potogí sọ̀rọ̀, tí wọn kò fún un ní àga kí ó lè dà bí ẹrú níwájú wọn. Ìránṣẹ́ rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ àti eékún tẹlẹ̀, ọbabìnrin jókòó lé e lẹ́yìn, ó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo béèrè bóyá ẹ̀yìn ń dun ẹni tó jókòó lé. Tíṣà ní kí n bọ́ síwájú, kí n kúnlẹ̀, kí n gbé ọwọ́ sókè. Nísinsìnyí tí èmi náà ti ń jókòó lórí nǹkan, mo mọ̀ pé ìbéèrè mi dára.

Ẹ̀yin náà máa ń sọ fún wa, nígbà tí ẹ ṣì jẹ́ akọ̀wé ní Àkúrẹ́ tí a ń gbé ẹ̀yìn Ìjàpọ̀, pé obìnrin ti jọba ní Àkúrẹ́ gan-an rí. Ẹ ní kì í ṣe adelé o, ọba. Ẹ máa ń sọ ọ́ bí ẹ bá ń ran bàtà yín, abẹ́rẹ́ á wà lẹ́nu yín, a kò sì ní í gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ohun tí ìtàn kì í sọ ni mo fẹ́ mọ̀. Ìtàn á ní ó jọba, ó jagun, ó ṣẹ́gun. Ta ló kọ́kọ́ gbọ́ràn sí i lẹ́nu? Kí ló dé tí ẹni yẹn fi gbọ́? Bí mo bá ní kí wọ́n gbá gbàgede, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni Kábíyèsí, kò sì ní í sí ẹni tó máa gbé ìgbálẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìlú ṣe rí. Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí ẹ ń bú bí rédíò bá ti ń sọ̀rọ̀, ó ti wọ ilé wa tán. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, wọ́n ti dá wọn dúró. Wọ́n ń kó ẹrù bọ̀ wálé gba ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé, wọ́n gbé fíríìjì sórí mọ́tò, wọ́n sì mọ̀ pé kò sí iná níbí. Búrẹ́dì ti di oúnjẹ tí wọ́n ń gbé lọ kí aláìsàn. Àwọn oníṣòwò ti ra pákí wa tán nígbà tó ṣì wà nínú ilẹ̀. Iṣu èṣí tán. Mo rí i tí wọ́n ń se ìbẹ́pẹ tútù, tí wọ́n fi ata púpọ̀ sí i kí ọmọ má baà mọ ohun tó ń jẹ.

Iṣu tuntun sì wà nínú ebè o. Ó ti gbó, ewé rẹ̀ ti ń pọ́n. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà á. Ẹ mọ òfin náà jù mí lọ: ẹnu ọba ni iṣu tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn ní ìlú wa, kí ó tó kan ẹnu ará ìlú. Ọba kò sì sí. Ilé ọlọ́mọọba méjèèjì ń jà sí oyè yín, àwọn afọbajẹ pín sí méjì, wọ́n á pàdé, wọ́n á jẹ obì, wọ́n á túká. Bàbá Ọ̀dọ̀fin, olórí wọn, ní kí ìlú mú sùúrù títí ọba tuntun yóò fi dé. Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti sọ, nítorí ìrẹsì wà nílé rẹ̀. Màmá ní ebi ni bàbá náà fẹ́ fi rọ àwọn yòókù lọ́wọ́, títí wọn yóò fi gba ẹni tirẹ̀.

Mo dán an wò. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá èmi kò lè jẹ iṣu náà bí ọba, kí ìlú lè jẹun. Ó rẹ́rìn-ín bí ìgbà tí ẹ bá fún ọmọ ní bàtà àgbà wọ̀. Ó ní Adelé ń ṣọ́ ilé ni, Adelé kì í jẹ ilé. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú Ìyá Dúró wá. Ẹ rántí rẹ̀, ẹlẹ́kọ ẹ̀bá ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹ̀kọ rẹ̀ le ju bíríkì lọ. Ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n dá dúró ní Àkúrẹ́. Ó lọ sí oko ara rẹ̀, ó wa ebè kan, ó sun iṣu náà fún àwọn ọmọ. Òórùn ló tú u fó. Nígbà tí ebi bá ń pa gbogbo ìlú, imú ènìyàn á mú bíi ti ajá. Wọ́n tẹ̀ lé òórùn náà dé ilé ìdáná rẹ̀.

Ìjìyà rẹ̀ ni ewúrẹ́ kan, àti pé kò gbọdọ̀ tajà ní ìlú yìí títí ọba tuntun yóò fi dé. Ìyẹn ni pé kí òun àtàwọn ọmọ máa fọwọ́ lẹ́rán. Mo ní kí ó sọ tẹnu rẹ̀. Kò sunkún. Ó kúnlẹ̀, ó ní bí wọ́n bá fẹ́ kí òun jẹ̀bi, òun ti jẹ̀bi, ṣùgbọ́n kí wọ́n má sọ pé kí òun dá iṣu padà, nítorí ọmọ ti gbé e mì. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún náà sì fẹ́ gbọ̀n mí. Mo ní kí gbogbo wọn padà wá ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀.

Mo wá di ẹlẹ́kún. Mo sọ fún màmá pé mo fẹ́ bọ́ aṣọ yìí kí n padà sílé ìwé, kí wọ́n lọ mú ewúrẹ́ wọn. Màmá kò bá mi jà. Ó ṣí àpótí, ó yọ yúnífọ́ọ̀mù mi jáde, ó ní kí n wọ̀ ọ́, kí n lọ bá Ìyáàgbà ní Oǹdó. Adelé kì í jáde nílùú láìjẹ́ pé olóyè wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń wo ọmọ ilé ìwé?

Bàbá mi, mo gbádùn ọjọ́ yẹn. Mo jókòó nínú bọ́ọ̀sì ní gáréèjì Àkúrẹ́, obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀ láìbéèrè, kọ́ńdọ́kítọ̀ tì mí lórí pé kí n sún. Inú mi dùn pé ẹnìkan tì mí lórí. A kọjá Òwènà, a dé ẹ̀gbẹ́ Bọ́lọ́rundúró, òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, gbogbo wa bọ́ sílẹ̀ a ti bọ́ọ̀sì. Mo ti í. Ẹrẹ̀ kún ìbọ̀sẹ̀ mi. Àgbàlagbà kan sì wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń bú ìjọba láti Òwènà títí a fi dé Oǹdó, kò sinmi, ó dà bíi yín bí rédíò bá tan.

Ẹ mọ̀ pé Ìyáàgbà ti gba oyè lábẹ́ Lóbùn, ọba àwọn obìnrin Oǹdó, láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Ó ń fọ́ ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo dé. Mo kúnlẹ̀. Òun náà kúnlẹ̀, ó ní Kábíyèsí ni mo jẹ́. A wà nílẹ̀ níbẹ̀ àwa méjèèjì, a ń wo ara wa, títí ẹ̀rín fi gbé wa. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí n jẹ́ ọmọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó gbà. Mo ń kúnlẹ̀ fún gbogbo àgbà tó wọlé, fún ìyá, fún bàbá, fún ẹni tó wá yá ọlọ. Orúnkún mi ń jẹun.

Oǹdó ti jẹ iṣu tuntun tiwọn. Wọ́n gún iyán, ó funfun, ó ń rú èéfín. Mi ò lè fọwọ́ kàn án, òfin ilé wa ń tẹ̀ lé mi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun ni mo jẹ, mo ń wo iyán. Ìyáàgbà wo ojú mi títí, ó wá ní kí n sọ ohun tó gbé mi wá. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ó bi mí pé ṣé mo mọ̀ nípa Púpùpù. Mo ní mo mọ̀, obìnrin ni, òun ló kọ́kọ́ jẹ Ọṣemàwé, ọba Oǹdó. Ó ní kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní àwọn ọkùnrin ní obìnrin kò ní í jẹ mọ́. Ó ní ibẹ̀ ni àwọn tíṣà wa máa ń dúró sí. Bí àwọn ìyá rẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún un, àwọn obìnrin kò jà, wọn kò sì bẹ̀bẹ̀. Wọ́n gbà kí ọkùnrin máa jẹ, ṣùgbọ́n wọ́n di ohun méjì mú tí ìlú kò lè ṣe láìsí wọn: ọjà kan kò ní í ṣí láìjẹ́ pé Lóbùn ṣí i, ọkùnrin kan kò sì ní í gorí oyè láìjẹ́ pé ọwọ́ Lóbùn ló gbé e síbẹ̀. Títí di òní, bí ó ti wù kí ó wọ ìlẹ̀kẹ̀ tó, ẹni tí Lóbùn kò bá fi jẹ, kò tíì jẹ.

Mo ní èmi kò ní ọjà, mi ò sì ní ẹni tí mo máa fi jọba. Mo ń ráhùn bí mo ṣe máa ń ráhùn. Ìyáàgbà gbé awo ẹ̀gúsí sílẹ̀.

“Ọma mi, má tọrọ agbára lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wo ohun tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ rẹ, ìdí rẹ̀ ni kí o dì mú.”

Mi ò lóye rẹ̀. Mo bínú nínú bọ́ọ̀sì títí dé Àkúrẹ́, mo rò pé òwe ni wọ́n tún fi dá mi lóhùn, bí àgbà ṣe máa ń ṣe.

Ìgbà tí mo bọ́ sílẹ̀ ní oríta wa ni nǹkan bàjẹ́. Bàbá Ọ̀dọ̀fin jókòó sábẹ́ àtíbàbà pẹ̀lú àwọn tó ń ta ayò. Mo ti ń kúnlẹ̀ láti àárọ̀, orúnkún mi ti rántí iṣẹ́ rẹ̀. Kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, mo ti wà nílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo ti kí i pé ẹ kúrọ̀lẹ́ sà. Ọmọ ayò bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan. Bàbá Ọ̀dọ̀fin ló kọ́kọ́ dìde, ó sì rọra ń rẹ́rìn-ín. Kí n tó dé ilé, ìròyìn ti dé ṣáájú mi. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lérí.

Ó kù díẹ̀ kí n sá padà sí Oǹdó. Ohun tó dá mi dúró ni Ìyá Dúró. Bí mo bá lọ, ta ni yóò dá ẹjọ́ rẹ̀?

Ní ọjọ́ ọjà, ààfin kún débi pé àwọn obìnrin dúró sí ojú fèrèsé. Mo wọ agbádá yín. Àwọn olóyè yòókù dọ̀bálẹ̀ bí ẹni tí kò dá a lójú. Bàbá Ọ̀dọ̀fin dúró gbọin. Ó ti wọ aṣọ tó máa ń wọ lọ ṣe alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fi ohùn ṣọ́ọ̀ṣì sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀yin ará ìlú, ọba kì í kúnlẹ̀. Orúnkún ọmọ yìí ló fi ohun tó jẹ́ hàn wá. Ẹnu rẹ̀ kò fìgbà kan jẹ́ ẹnu ọba. Ọmọ ilé ìwé tó wọ aṣọ bàbá rẹ̀ ni.”

Ojú tì mí débi pé mo ń wo ibi tí wọ́n ti ká apá agbádá náà, mo ń wo òwú rẹ̀. Mo rò ó pé òótọ́ ló sọ, ọmọ ilé ìwé ni mí lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ tó ní kò fìgbà kan yẹn ni kò kúrò ní etí mi. Kò fìgbà kan. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Ìyáàgbà ṣí lójú mi bí ẹni ṣí ìlẹ̀kùn.

“Ó dáa, Bàbá Ọ̀dọ̀fin. Bí ẹnu mi kò bá fìgbà kan jẹ́ ẹnu ọba, ta ló dá ẹjọ́ oko kòkó etí odò fún yín?”

Ẹ rántí oko náà. Ọdọọdún ni ó ń bá aládùúgbò rẹ̀ jà sí i níwájú yín, ẹ kò sì rí i parí. Èmi ni mo parí rẹ̀, èmi ni mo ní kí ààlà wà níbi igi ìrókò, òun ló sì jàre. Kòkó sì ni ohun kan ṣoṣo tó ń tà gidi lọ́dún yìí. Aládùúgbò rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó dìde wẹ́rẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Ọ̀dọ̀fin pé ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹjọ́ yẹn kò múlẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣí ọ̀nà fún òun, kòkó ti ń pọ́n, òun ń lọ mú àdá.

Mi ò pariwo. Mo ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń béèrè ọ̀nà. Ọkùnrin tí mo tú ìgbéyàwó rẹ̀ ká tó sì ti gbé ìyàwó mìíràn, ìyàwó wo ló wà nílé rẹ̀ báyìí? Àwọn ọmọ tí mo pín ilẹ̀ bàbá wọn fún, ṣé kí wọ́n dá a padà? Mo wá bi Bàbá Elémọ̀, tí mo fi oyè jẹ lẹ́yìn ọdún àjíǹde, tó sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀dọ̀fin, pé fìlà ta ló dé sórí. Bàbá àgbà yẹn ronú díẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fọwọ́ di ìbàdí, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun o, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu òun, ẹnu Kábíyèsí ni ẹnu ọba. Àwọn tó wà lójú fèrèsé rẹ́rìn-ín. Àwọn olóyè yòókù tẹ̀ lé e, nítorí kò sí ẹni tí kò tíì gba nǹkan kan lẹ́nu mi.

Bàbá Ọ̀dọ̀fin nìkan ló kù lórí ìdúró. Ó wo aládùúgbò rẹ̀ tó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó wúkọ́. Ó ní ìrìn àjò máa ń rẹ ọmọ, orúnkún kì í ṣe irin, obì ni wọ́n fi ń ṣètùtù irú rẹ̀. Ó wá dọ̀bálẹ̀, ó sì béèrè, tó jẹ́ pé agbára káká ni mo fi gbọ́ ọ, pé kí ni Kábíyèsí wí nípa iṣu.

Mo ní kí Ìyá Dúró dìde. Mo ní iṣu tó wú yẹn, ti ọba ló wú, ó kàn wú u kí ìránṣẹ́ mi tó dé ni. Kí ó lọ mú ìyókù wá láti oko kan náà. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn kí Kábíyèsí jọ̀wọ́ ránṣẹ́ ṣáájú, kí imú ará ìlú má baà tètè dé.

Wọ́n sun ún ní gbàgede. Mo jẹ ẹ́ lójú gbogbo wọn, lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n gbà kí wọ́n rí ẹnu mi. Ó gbóná, ó jó mi láhọ́n, mi ò tu ú. Mo jẹ ẹ́ mọ́ omi ojú. Nígbà tí mo gbé e mì, ariwo ta, nígbà tí mo sì gbójú sókè, àwọn ọkùnrin ti ń sá lọ. Wọ́n ti gbé ọkọ́ wọn ti ògiri ààfin láti àárọ̀, kò sí ẹni tó sọ fún mi. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, èéfín ń rú ní gbogbo ilé ìdáná ìlú yìí, Ìyá Dúró sì gbé ẹ̀kọ rẹ̀ jáde. Ó ṣì le bíi bíríkì.

Ìròyìn yòókù kò pọ̀. Àǹtí ti bímọ, ọkùnrin ni, ẹ lè ro orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ fúnra yín. Imú yín ló gbé wá. Àwọn afọbajẹ náà sì ti fohùn ṣọ̀kan. Ẹ̀rù bà wọ́n pé bí mo bá pẹ́ níbẹ̀, mo tún lè bi wọ́n ní nǹkan mìíràn. Tíṣà àgbà kan láti ilé kejì ni wọ́n mú, ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀ bí ó bá ń jẹun. Bí kòkó bá ti wọlé, màá gbé àpèrè fún un, màá padà sílé ìwé. Àwọn ẹgbẹ́ mi á ti wà ní Fọ́ọ̀mù Kẹrin. Àwọn ọmọ kéékèèké ni màá bá jókòó, wọ́n á sì máa wò mí. Ó ń bí mi nínú díẹ̀. Kò bí mi nínú púpọ̀.

Ohun tó dùn mí ni pé ẹ kò sí níbẹ̀. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ohun tí ọba ti fún wọn ni ọba fi ń dì wọ́n mú? Tàbí ẹ mọ̀, tí ẹ kàn rò pé kò yẹ kí ẹ sọ fún ọmọbìnrin? Mi ò bínú. Mo kàn fẹ́ mọ̀.

Nígbà tí wọ́n bá fi ọba tuntun jẹ, wọ́n á ka orúkọ àwọn ọba ìlú yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ka tiyín. Lẹ́yìn tiyín, tirẹ̀ ni wọ́n á kà. Wọ́n ti sọ fún mi pé wọn kì í ka Adelé. Mo bínú sí èyí fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mi ò jẹ́ kí wọ́n sọ fún mi pé kí n má bínú.

Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ yìí, àwọn obìnrin méjì ń jà lẹ́yìn ọgbà nítorí ewúrẹ́ tó sọnù. Ọ̀kan ní ewúrẹ́ náà ti sọnù tipẹ́. Èkejì ní irọ́ ni, òun rí i pẹ̀lú ojú òun. Ìgbà wo? Ó ní lẹ́yìn tí Adelé jẹ iṣu ni. Èkíní ní rárá o, kí Adelé tó jẹ iṣu ni. Wọ́n ń jà á lọ, wọ́n ń jà á bọ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ pé mo wà lábẹ́ igi níbí, tí mo ń fọwọ́ bo ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́ ẹ̀rín mi.

Ẹ sùn dáadáa, Bàbá mi. Ìlú yín ti yó.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń gbóòórùn yín lára aṣọ,
Adelé fún ìgbà díẹ̀ sí i.